Ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi ò fẹnu kò lórí irú ẹni tí bàbá wa jẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ògùnpa n'Íbàdàn ni bàbá wa ti ta aṣọ títí ó fi dàgbà. Ìrántí ọdún kẹwàá tó papò dà ló ń bọ̀, a sì fẹ́ tẹ ìwé pélébé tí a ó pín. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n bí ní 1972, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ “bàbá oníwà pẹ̀lẹ́” síbẹ̀. Ẹgba ló fi mọ bàbá. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ ní gèètì, òun á pa tẹlifíṣọ̀n, òun á fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn rẹ̀, torí bàbá á fọwọ́ kàn án wò bóyá ó ṣì gbóná. Àbúrò wa obìnrin, ọmọ 1989, bú sẹ́kún. Bàbá tí òun mọ̀ máa ń já ẹran orí àmàlà rẹ̀ sí méjì, á gbé èyí tó tóbi fún un. Ó ní ẹ̀gbọ́n ń ba orúkọ òkú jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ṣé òun wá ń parọ́ ni? Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tí mo wà láàárín rí bàbá méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú wọn. Kí ni kí n kọ?

Bàbá Agbẹni: Ọmọ mi, ọ̀gbàrá Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ 1980 ńkọ́? Ṣé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bọ́ níbẹ̀?

Oníbèérè: Omi kó gbogbo ọjà lọ, sà. Ó pẹ́ kó tó san gbèsè ẹ̀ tán.

Bàbá Agbẹni: Ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà yẹn. Bàbá onígbèsè ló tọ́ ọ. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí nǹkan wọ́n, tún dé ní 1986. Nígbà tí àbúrò rẹ fi gbọ́n, ara ti ń tu bàbá yín díẹ̀.

Àkọ́bí Ọmọ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbèsè kọ́ ló mú ẹgba dání. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n gbàgbé.

Ìyá Ìbejì: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò nìkan. Ọjọ́ kan náà ni mo bí àwọn tèmi. Táíwò ní mo máa ń pariwo jù, Kẹ́hìndé ní ariwo wo?

Tíṣà Bódìjà: Ìyá Ìbejì, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá méjì, Robert Plomin àti Denise Daniels, kọ ọ́ ní 1987 pé àwọn ọmọ tó jọ gbélé kan náà kì í sábà jọra, torí ohun tó ń kan kálukú nínú ilé náà yàtọ̀. Oníbèérè, má kọ ìtàn kan ṣoṣo. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Kí àbúrò ka ti ẹ̀gbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, kó má sì jà á níyàn.

Oníbèérè: Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ Ẹtì ni atẹ̀wé Mọ́kọlá ń retí mi. Ẹ̀gbọ́n ni màá kọ́kọ́ pè lálẹ́ òní.