Mo já sìgá sílẹ̀, oògùn fẹ́ẹ̀ dá mi dùbúlẹ̀

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ níbí nípa bẹ́ ẹ ṣe jáwọ́ nínú sìgá, ó yá kí n sọ tèmi náà. London ni mo wà, schizophrenia, ìyẹn àìsàn ọpọlọ kan, ni wọ́n sọ pé ó ń ṣe mí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá mi dúró sí ọsibítù ní 2006, mi ò fẹnu kan sìgá rí láyé mi, inú wọ́ọ̀dù gan-an ni mo ti kọ́ ọ. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún sìgá, ògiri ẹ̀ ti pọ́n bí ẹni fi omi tíì kùn ún, ibẹ̀ nìkan lèèyàn ti lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ kó o dìde lọ wẹ̀, sìgá ni wọ́n á fi tàn ẹ́. Nígbà tí òfin dé ní July 2008 pé wọn ò gbọ́dọ̀ fa sìgá nínú wọ́ọ̀dù àwa alárùn ọpọlọ mọ́ ní England, inú ọgbà la kó lọ, tòjò tòtútù. Ogún ni mò ń fà lójúmọ́ nígbà yẹn.

Clozapine loògùn tí mò ń lò fún àìsàn náà, 400mg lójúmọ́. Ní 2019 ikọ́ ò jẹ́ kí n sùn mọ́, mi ò sọ fẹ́nì kankan, mo kàn da páàkì tó kù sínú bíìnì. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ojú mi rí màbo. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, oorun ni mò ń sùn ṣáá, itọ́ ń dà sórí pílò, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, tí mo bá dìde òòyì á kọ́ mi, mo wá ṣubú ní bàlùwẹ̀. Ìyàwó mi ní àìsàn yẹn ló tún ti dé, ẹ̀gbọ́n mi pè láti ilé pé kí n yáa máa fa ọ̀kan ọ̀kan kórí mi má baà dàrú. Mo fẹ́ẹ̀ gbọ́ tiwọn o.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń gba ẹ̀jẹ̀ mi ló bi mí bóyá mo ti jáwọ́ nínú sìgá. Ó ní èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ oògùn yìí dànù, tí èéfín bá ti dáwọ́ dúró, oògùn kan náà tó o ń lò á wá máa kún inú ẹ̀jẹ̀. Àṣé ó ti pọ̀ jù lára mi! Wọ́n rọra sọ 400 di 300, ojú mi là. Olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ míì, náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín ló ń fà á o, kì í ṣe nicotine, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, ìdí nìyẹn tí pátáàṣì nicotine tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi lápá ò fi da nǹkan kan rú.

Láti Houston:
Bipolar, àìsàn ọpọlọ míì, ni tèmi. Varenicline, oògùn tí wọ́n fi ń jáwọ́ nínú sìgá, ni mo fi jáwọ́, ẹ̀rù sì bà mí gan-an torí ìkìlọ̀ tó wà lára ẹ̀ láti 2009 pé ó lè da orí èèyàn rú. Dókítà mi ló ṣàlàyé pé wọ́n ti yọ ìkìlọ̀ yẹn ní 2016, lẹ́yìn tí wọ́n fi dán èèyàn tó lé ní 8,000 wò, àwa tá a ní àìsàn ọpọlọ náà sì wà níbẹ̀.

Láti Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú mi. Àbúrò mi ń lo olanzapine, mọ́mì wa fúnra wọn ló máa ń ra sìgá fún un, wọ́n ní tó bá ti fà á tán ara ẹ̀ á balẹ̀. Òfin sìgá ti 2015 ní Nàìjíríà sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tà á lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ níwájú ilé wa ni wọ́n ti ń tà á bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ fi í sílẹ̀, mo ní kó má dán an wò.

Láti London:
Àbúrò mi ní Ìbàdàn, ebi sìgá ló máa ń jẹ́ kí ara àbúrò ẹ má balẹ̀, òun náà ni ọ̀kan tí mọ́mì rà yẹn ń pa fúngbà díẹ̀. Kó tó já a, ẹ jọ lọ bá dókítà ẹ̀, ẹ dá ọjọ́ náà fún wọn, kí wọ́n máa ṣọ́ oògùn ẹ̀. Kó má fúnra ẹ̀ dín in kù o. Tó bá tún wí lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn.