Republic ni Amẹ́ríkà, àbí ìjọba tiwantiwa? Ẹ gbà mí o

Ìyá Tóbi, Houston
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù November ni mo fi fọ́ọ̀mù N-400 tí a fi ń tọrọ láti di ọmọ Amẹ́ríkà ránṣẹ́, torí náà ìdánwò tuntun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú ló kàn mí. Lánàá mo jókòó ti ìwé ìbéèrè, mo ka àkọ́kọ́ sókè: "What is the form of government of the United States?", ìyẹn ni pé irú ìjọba wo ni Amẹ́ríkà ń ṣe? Kí n tó lanu, bàbá Tóbi ti dáhùn láti ibi tó ti ń jẹ ọkà pé ìjọba tiwantiwa ni, kí ló tún ń jẹ́ ìbéèrè níbẹ̀? Tóbi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní rárá o, republic ni, tíṣà àwọn sọ pé Amẹ́ríkà kì í ṣe democracy rárá. Wọ́n fà á títí ọkà fi tutù. Èmi tí mo máa jókòó síwájú ọ́físà, èwo ni kí n mú? N ò fẹ́ ti ẹnu ọ̀nà ṣubú o.

Bọ̀dá Gbénga, Maryland
Ìyá Tóbi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n gbà, ọ̀kan péré lẹ máa mú: Republic, tàbí Constitution-based federal republic, tàbí Representative democracy, ìyẹn tiwantiwa tí a ń yan aṣojú sí. Tóbi gbà á. Bí bàbá ẹ̀ bá ti lè fi "representative" ṣáájú democracy tiẹ̀, òun náà gbà á.

Ìbéèrè 128 ló wà nínú ìwé, 20 ni wọ́n máa mú níbẹ̀, ẹ gba 12. Tí ẹ bá ti gba 12, ọ́físà á dúró. Tí ẹ bá ṣi 9, á dúró náà. Ẹni tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kó tó di October 20, 2025, ti àtijọ́ ni tiẹ̀: 10 nínú 100, kó gba 6. Àwọn màmá àti bàbá tó ti pé ẹni ọdún 65, tí gríìn kádì wọn sì ti tó ogún ọdún, ìbéèrè 20 péré ni wọ́n máa kà, wọ́n sì lè fi Yorùbá dáhùn tí ògbufọ̀ bá wà níbẹ̀.

Ẹ dáhùn ṣókí, kí ẹ panu mọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tí mo bá kàwé, ìbéèrè kan ṣoṣo, ìtàn Awólọ́wọ̀ ló gbé sílẹ̀.

Ìyá Tóbi, Houston
Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Ọkàn mi balẹ̀, àmọ́ ilé mi ò tíì rójú. Tóbi ń bi mí pé báwo ni méjèèjì ṣe lè tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àǹtí Ṣọlá, Peckham
Ẹni tó bá wà níbi tí mo wà ò ní pẹ́ mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Orí Ọba Charles ló wà lára owó tí mo fi ra iṣu lánàá. Lọ́jọ́ tí mo di ọmọ ìlú, òun náà ni mo búra fún. Síbẹ̀, ní July 2024, ìbò la fi lé àwọn tó ń ṣèjọba lọ. Ọba wà, ìbò wà: tiwantiwa ni, republic kọ́. Ẹ wá wo Àríwá Kòríà. Wọ́n fi democratic àti republic méjèèjì sórúkọ ìlú wọn, ta ló dìbò lé ta lọ níbẹ̀?

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù: ọmọ Nàìjíríà tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá péye lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò, títí kan ti ilé aṣòfin. Kò dìgbà tó bá di ọmọ Bírítéènì, torí pé a wà nínú Commonwealth. Ọ̀pọ̀ wa ló ti lo ọdún márùn-ún níbí láìmọ̀.

Bọ̀dá Gbénga, Maryland
Áà, Àǹtí, kí ará Amẹ́ríkà kankan má gbé ìyẹn lò o! Níhìn-ín, ẹlẹ́gríìn kádì tó bá dìbò ààrẹ, ọ̀ràn ló dá, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá a padà sílé. Bí ẹ bá lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, tí wọ́n ní ṣé kí àwọn fi orúkọ yín sínú ìwé ìbò, rárá lẹ máa sọ. N-400 gan-an á bi yín bóyá ẹ ti ṣe é rí.

Àkàndé, Chicago
Ìbéèrè méjì ló lọ́ mọ́ra wọn, Ìyá Tóbi. Ta ló ni ìlú? Bó bá jẹ́ ọba tó jogún rẹ̀ ni, kì í ṣe republic. Ta ló ń yan àwọn tó ń ṣèjọba? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwantiwa wà.

Orúkọ tí àwa fún wọn lédè wa tún dá kún un. "Orílẹ̀-èdè olómìnira" là ń pe republic. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1960 la gbòmìnira, Ọbabìnrin Elizabeth ṣì lolórí wa títí di October 1, 1963, tí Azikiwe fi di ààrẹ. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi jẹ́ olómìnira tí a kì í ṣe republic! Látìn ni wọ́n ti mú u, res publica, nǹkan gbogbo ará ìlú. Ohun tó jẹ́ tiwa. Bí ẹ bá bi mí, republic gan-an ni tiwantiwa bá mu, democracy la lọ fún lórúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí àwọn sójà ń pàṣẹ ńkọ́? Federal Republic náà ni. Ó wà lẹ́yìn páàsípọ́ọ̀tù tí púpọ̀ nínú wa fi sá jáde.

Tíṣà Tóbi ò purọ́, ó kàn ń sọ èdè àtijọ́ ni. James Madison, ọ̀kan lára àwọn tó kọ òfin Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní November 1787 pé níbi tí ará ìlú bá ti ń pé jọ fúnra wọn ṣòfin, bí àwọn tó pọ̀ jù bá fẹ́ jẹ àwọn tó kéré run, kò sẹ́ni tó máa dá wọn lẹ́kun. Ìyẹn ló pè ní democracy. Èyí tí a ń yan aṣojú sí ló pè ní republic. Lóde òní, aṣojú là ń yàn níbi gbogbo, lọ̀rọ̀ méjèèjì fi wọnú ara wọn.

Ẹ̀rù tó ba Madison kì í sì í ṣe àsọdùn. Ní 1942, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ West Virginia pàṣẹ pé dandan ni kí gbogbo ọmọ iléèwé máa kí àsíá. Àwọn ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní ìgbàgbọ́ àwọn ò gbà á. Wọ́n lé wọn nílé ìwé, wọ́n tún ń halẹ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́ àwọn òbí wọn. Ogun ń jà lọ́wọ́, àsíá wà lójú fèrèsé gbogbo èèyàn. Ká ní ìbò ni wọ́n di, ta ni ì bá dìbò fún wọn? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló gbà wọ́n ní 1943, mẹ́fà sí mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ti sọ pé kò burú tí wọ́n bá fipá mú wọn, mẹ́jọ sí ẹyọ kan! Títí dòní, bí ọmọ yín ò bá fẹ́ ka Pledge, ìyẹn ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ fún àsíá, ní iléèwé ìjọba, ẹnì kan ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì, Atlanta
Bọ̀dá Àkàndé, ẹ kú àlàyé. Àmọ́ ara máa ń fu mí sí "republic ni, democracy kọ́" yẹn. Àwọn tí mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ìgbà tí ìbò ò bá gbè wọ́n ni wọ́n ń rántí rẹ̀. Wyoming ò tó èèyàn 600,000, California lé ní mílíọ̀nù 39, sẹ́nétọ̀ méjì-méjì làwọn méjèèjì ní. Nínú ìbò ààrẹ 2016, ìbò Clinton fi bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ju ti Trump, Trump ló wọlé. Ó bófin mu, n ò jiyàn.

Mississippi ni n kì í lè gbàgbé. Ní 1890, àwa dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn funfun jókòó, wọ́n kọ òfin tuntun: kó o tó dìbò, lọ san owó orí ná, wá ka abala òfin kan, kí akọ̀wé funfun fẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó yé ọ. Wọn ò dárúkọ dúdú síbẹ̀ rárá, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nìyẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò sóhun tó ṣe é ní 1898. Ó di 1965 kí òfin ìbò tó já wọn nídìí. Níbẹ̀ yẹn, ta ló jẹ ta níyà, àwọn tó pọ̀ ni àbí àwọn tó kéré? Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù èrò, ẹ bẹ̀rù ìwọ̀nba èèyàn tó di kọ́kọ́rọ́ mú náà.

Bàbá Adé, Dallas
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n mú yín bọ̀ sílé. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí máa ń dá owó ìsìnkú lóṣooṣù, ká lè fi gbé òkú ẹni tó bá kú lọ sílé. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan dábàá pé ká bù nínú ẹ̀ fi gba họ́ọ̀lù àti onífújì fún àjọ̀dún. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nawọ́, mẹ́sàn-án kọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń pàtẹ́wọ́. Àwa mẹ́sàn-án ńkọ́? Àwa arúgbó ni. Màmá kan bá dìde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́: "Owó pósí mi lẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ onífújì lórí yẹn o." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Àánú wọn kọ́ ló yọ wá. Akọ̀wé ló ṣí bylaws, ìwé òfin ẹgbẹ́ wa: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìsìnkú àyàfi tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá gbà, kì í ṣe ti àwọn tó wá lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti wà níta fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta la jẹ́. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ò débì kankan.

Ẹ kọ irú ẹ̀ sínú tiyín kí owó tó pọ̀. Tó bá ti pọ̀ tán, ojú á ti là. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọ̀hún kalẹ̀ dáadáa, pé bó bá kù díẹ̀ kó péye, ẹ gbé e sókè. Ṣé ẹ rántí ìbò ààrẹ Nàìjíríà ní 1979? Ìpínlẹ̀ 19, òfin ní kí ààrẹ ní ìdámẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, kí ibì kan ṣoṣo má baà dá yan ààrẹ lé gbogbo wa lórí. Òfin tó dáa ni. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 lé díẹ̀ ní 12, ìpínlẹ̀ 12 sì ni Shagari ti rí i. Ṣé 13 ló yẹ, àbí 12 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano? Awólọ́wọ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n dá Shagari láre. Èmi ò tíì dárí jì wọ́n.

Ìyá Tóbi, Houston
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Republic ni mo máa sọ, torí "representative" yẹn ń kọ́ mi lẹ́nu. Tóbi ní òun borí, bàbá ẹ̀ ní òun náà ò pàdánù. Ní báyìí, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dìbò pé pízà la máa jẹ lálẹ́, mẹ́ta sí méjì. Mo sọ fún wọn pé ilé yìí ò tíì di republic. Ẹ̀wà wà lórí iná.

Bọ̀dá Gbénga, Maryland
Ẹ má gbàgbé o: gríìn kádì, páàsípọ́ọ̀tù ti ìsinsìnyí àti ti àtijọ́ gbogbo, ID ìpínlẹ̀, àti lẹ́tà tí wọ́n fi pè yín. Bí ẹ bá kùnà, kì í ṣòpin. Láàárín ọjọ́ 60 sí 90, wọ́n á tún pè yín fún apá tí ẹ ò gbà yẹn nìkan.