Oyin wo ló yẹ kí n fi pọn ọtí oyin?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọtí oyin lítà 4 ni mo fẹ́ pọn nílé, oyin, omi àti yíìsì nìkan, kò sí èso. Oyin mẹ́ta ni mo rí: ti òdòdó ọsàn, ti acacia, àti ti buckwheat tó dúdú kirikiri. Èwo ni kí n mú, báwo ni kó sì ṣe pọ̀ tó tí kò fi ní dùn jù?

Èsì 1
Àbúrò, ti òdòdó ọsàn ni kó o mú. Yíìsì á jẹ ṣúgà inú oyin tán, òórùn rẹ̀ àti ìkorò tó bá wà nínú rẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù. Òórùn òdòdó ọsàn máa ń ta sánsán lẹ́yìn tí adùn bá ti lọ. Acacia ò lóòórùn tó bẹ́ẹ̀. Ọtí eléso ló bá a mu.

Wọn oyin 1.2 kg, kó o bu omi sí i títí gbogbo rẹ̀ á fi pé lítà 4. Hydrometer, irinṣẹ́ tá a fi ń mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi, á ka nǹkan bíi 1.088. Tó bá hó títí tó fi wálẹ̀ sí 1.000, ọtí inú rẹ̀ á tó ìdá 11 sí 12 nínú 100, kò sì ní dùn. Jọ̀ọ́, má gbé oyin náà kaná o! Òórùn tó o torí ẹ̀ rà á ni ooru máa lé lọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó láti pò ó.

Èsì 2
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má pa buckwheat tì. Ó ń ta bíi ṣúgà tó jó díẹ̀, ó sì ní òórùn ilé ẹran lábẹ́. Tó o bá fi òun nìkan pọn ọn, ó lè ṣòro mu. Fi 120 g rẹ̀ rọ́pò 120 g nínú ti ọsàn, ọtí náà á kún lẹ́nu.

Oyinkóyin tó o bá fẹ́ rà, po ṣíbí kan mọ́ ṣíbí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mẹ́ta, kó o gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ adùn nìkan lo bá níbẹ̀, fi sílẹ̀. Ṣọ́ra fún ti chestnut: ìkorò rẹ̀ á yọ sókè bí adùn bá ti lọ.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní ó lè máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ṣé oyin ló ń fà á?

Èsì 3
Ebi ló ń pa yíìsì. Náítírójìn inú oyin kéré, pàápàá èyí tó mọ́ gaara, yíìsì tébi ń pa ló sì ń tú òórùn imí-ọjọ́ yẹn jáde. Wọn oúnjẹ yíìsì bí ara páálí ṣe sọ, pín in sí mẹ́rin: wákàtí 24, 48, 72 lẹ́yìn tó o bá da yíìsì sí i, àti ìgbà tí hydrometer bá dé 1.059. Rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó o tó da ìyẹ̀fun náà sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìfófòó á ru jáde. Kí ibi tó o gbé e sí wà láàárín 18 sí 20°C.

Èsì 1
Tó o bá padà fẹ́ kó dùn díẹ̀, tọ́jú 150 g oyin ọsàn yẹn pa mọ́. Tí ọtí bá ti tòrò, fi potassium sorbate àti metabisulfite sí i, ìyẹn kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí yíìsì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dúró fún wákàtí 24, kó o tó da oyin náà sí i. Láìṣe bẹ́ẹ̀, yíìsì tó kù á tún jí, ìgò sì lè bẹ́.