Kí ni a fi ń dá ojúlówó ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú?

Olùkọ́ Ìtàn, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ní ọdún 1896, mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris ra adé wúrà kan tí wọ́n gbà pé ti ọba àtijọ́ kan, Saitapharnes, ni, kí àṣírí tó tú ní 1903 pé alágbẹ̀dẹ wúrà ará Odessa, Israel Rouchomovsky, ló ṣe é. Ọmọ kan bá bi mí pé, bí àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá lè ṣìnà, kí ló dá wa lójú nípa ìlẹ̀kẹ̀ tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù tiwa? N kò rí èsì gidi fún un. Kí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń wò?

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Oǹdó:
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń kó ọgbọ́n rẹ̀ sí iwájú, níbi tí olùrà yóò wò. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ yí i sí. Wáyà ni èmi kọ́kọ́ máa ń wò. Lóde òní, a máa ń fa wáyà gba inú ihò wẹẹrẹ lára irin, ihò náà a sì fi ìlà gbọọrọ sí i lára láti orí dé ìdí. Àwọn alágbẹ̀dẹ Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n máa ń gé wúrà pẹlẹbẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a lọ́ ọ, wọn a sì yí i títí yóò fi ṣe roboto, ìdí nìyẹn tí ìlà tirẹ̀ fi ń yí po bí ìlà ara okùn. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ bá rí irin kan tí wọ́n ń pè ní cadmium níbẹ̀, ẹjọ́ dé, torí ọdún 1817 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irin náà, àfi bí ó bá jẹ́ pé wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà. Wúrà kì í dípẹtà. Dídán rẹ̀ kò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọmọ Onílẹ̀kẹ̀, Àkúrẹ́:
Òótọ́ ni Bàbá sọ, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni ọmọ náà bèèrè. Etí ihò ni kí ẹ wò. Okùn máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í jẹ ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di arúgbó ní ọ̀sán kan ni yóò fi nǹkan ha gbogbo ara rẹ̀ bákan náà. Pé ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa dán kò túmọ̀ sí pé ó ti pẹ́, nítorí àwọn ará Idar-Oberstein ní Jámánì gbẹ́ irú rẹ̀ púpọ̀ fún ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. (Èmi kò ní pe ìyẹn ní ayédèrú, nígbà tí kò sí ẹni tó purọ́ nípa rẹ̀.) Ní ti dígí, èyí tí wọ́n ṣe ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní èròjà tirẹ̀, láìmì (èròjà inú òkúta ẹfun) àti àlúmínà (èròjà inú amọ̀) tó pọ̀, tí ẹ̀rọ lè kà.

Olùkọ́ Ìtàn, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo yẹ sẹ̀gi tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ wò lálẹ́ àná: etí ihò rẹ̀ kan ti jẹ ju èkejì lọ. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ kí n tó mú un lọ sí kíláàsì.

Ọmọ Onílẹ̀kẹ̀, Àkúrẹ́:
Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìdọ̀tí inú ihò yẹn wà lára ẹ̀rí.