Èsìsì inú kẹ́ẹ̀gì: ṣé kí n gé e ni, àbí kó so?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mo wà. Èsìsì ni mo gbìn (ẹ má rẹ́rìn-ín o) sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí mo gé lórí, tí mo lu ihò mẹ́fà sí nídìí. Iyanrìn wa kì í dá omi dúró, ni mo bá po ilẹ̀ ààtàn agbọ̀n méjì mọ́ agbọ̀n iyanrìn kan. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà, oòrùn àárọ̀ nìkan ló ń kàn án.

Ìgbà tó ga dé orúnkún ni ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí òdòdó wẹ́wẹ́ ń yọ láàárín ewé àti igi. Ewé tuntun ò ju àtàǹpàkò lọ.

Mo bu omi ìgbẹ́ adìẹ sí i, ife kan sí omi ife 10, mo kọ́kọ́ rẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì torí tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi tutù yọ̀yọ̀. Mo já òdòdó, ó tún yọ. (Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn ni o, irun èsìsì tó ń jóni lára ń gba inú ìbọ̀wọ́ aṣọ kọjá.) Gbòǹgbò ò tíì kún kẹ́ẹ̀gì, mo ti wò ó.

Ṣé kí n gé e ku oríkèé mẹ́ta kó lè pẹ̀ka, àbí kí n jẹ́ kó so, kí n gbin irúgbìn rẹ̀ lọ́tun?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.