Rédíò alágbèéká kan ṣoṣo ni mo ní: báwo ni mo ṣe lè gbọ́ sátẹ́láìtì?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí i yín o. Ìwé àṣẹ ham radio mi (rédíò ìbánisọ̀rọ̀ tí a ń fi gbádùn ara ẹni, kì í ṣe fún òwò) ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Rédíò alágbèéká oní-wáàtì márùn-ún ni mo ní, pẹ̀lú éríàlì kúkúrú tó bá a wá. Mo dúró de SO-50, sátẹ́láìtì tó ń gba ohùn àwa oní-ham tó sì ń tún un sọ wálẹ̀, nígbà tí áàpù fóònù mi ní ó ń kọjá, ariwo lásán ni mo gbọ́. Ṣé kí n kówó jọ ra rédíò tó tóbi ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ìdáhùn kìn-ín-ní:
Àbúrò, o kú oríire. Má tíì náwó lé rédíò, éríàlì ni kó o wá nǹkan ṣe sí. Agbára tí SO-50 fi ń sọ̀rọ̀ kò ju ìdámẹ́rin wáàtì lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ṣe Yagi (éríàlì elápá púpọ̀ tí a ń nà sí ibi tí a fẹ́ gbọ́) fúnra rẹ: páìpù PVC ni ọ̀pá rẹ̀, kó o gé téèpù irin tí káfíńtà fi ń wọn pákó ṣe apá rẹ̀. Ṣí squelch (ohun tó ń pa rédíò lẹ́nu mọ́ tí ohùn kò bá lágbára) sílẹ̀ pátápátá. Tó o bá na éríàlì sókè, má dì í mú gbagidi. Máa yí ọrùn ọwọ́ rẹ bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Sátẹ́láìtì ń yí lójú ọ̀run, bí éríàlì tìrẹ bá dábùú tiẹ̀, ohùn á rá.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Àmọ́ ibo lo fetí sí? 436.795 MHz ni wọ́n kọ fún un, ṣùgbọ́n Doppler (ìyípadà ìgbì nítorí eré tí sátẹ́láìtì ń sá) máa ń gbé e sókè nígbà tó bá ń bọ̀, á sì fà á wálẹ̀ tó bá ti kọjá. Fi ìkànnì márùn-ún sínú rédíò: 436.805 nígbà tó bá yọ, 436.800, 436.795 nígbà tó bá sún mọ́ ọ jù lọ, 436.790, 436.785 nígbà tó bá ń wọ̀. Ibi tí wàá ti sọ̀rọ̀ sókè, 145.850 pẹ̀lú tone 67 Hz (ohùn ìsàlẹ̀ tí rédíò ń fi kún ọ̀rọ̀ rẹ kí sátẹ́láìtì lè gbà á), kò nílò àtúnṣe. Bó bá dákẹ́ pátápátá, ó lè jẹ́ pé aago rẹ̀ ló pa á, tone 74.4 Hz fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń jí i, á sì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìdáhùn kẹta:
Bó bá jẹ́ èmi ni, ISS, ibùdó tí àwọn ènìyàn ń gbé lójú òfurufú, ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn ripítà rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń tún ohùn sọ wálẹ̀) lórí 437.800 le ju ti SO-50 lọ. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń fi àwòrán SSTV (àwòrán tí a sọ di ohùn) ránṣẹ́ lórí 145.800, áàpù Robot36 lórí fóònù á sì yà á jáde fún ọ. Ohun kan wà tí mo fẹ́ tẹnu mọ́: ẹni tí kò tíì gbọ́ sátẹ́láìtì kò gbọdọ̀ pè é. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá tẹ PTT (bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀) láìgbọ́, orí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lò ń tẹ̀. Kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: àmì ìpè, grid square (àmì ibi tó o wà lórí máàpù), ó parí.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Rédíò mi kì í gbọ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé mo wọlé?

Ìdáhùn kìn-ín-ní:
Wá ohun kejì tí wàá fi gbọ́, RTL-SDR (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ kọ̀ǹpútà di rédíò agbọ́hùn) lára kọ̀ǹpútà tó. Fi headphone sétí kí ohùn má baà padà wọ rédíò. Tó o bá ti gbọ́ ohùn ara rẹ, o ti wọlé nìyẹn. Yan ìgbà tí sátẹ́láìtì yóò gòkè ju 30 dígírì lọ láti ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀.