Akódùrùpamọ́ kọ́ o: àkọ̀ ni ilé mándólíìnì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà tí ẹnì kan ti béèrè ohun tí à bá máa pe àwọn ilé mándólíìnì (ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá kékeré) tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe láti máa gbé e sí: èyí tí wọ́n fi pláíwúùdù kàn, èyí tí wọ́n fi awọ rán, títí dórí èyí tí wọ́n fi àpótí ìbọn àtijọ́ ṣe. Mo ní kí n panu mọ́. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá wa kan gbé "akódùrùpamọ́" jáde, tí àwọn kan sì tẹ̀lé e pé "ẹ ṣeun, ó ti yanjú", ara mi ò gbà á mọ́.

Ibi tó ti ń dùn mí jù ni mo fẹ́ mú. Kó. Ta ló ń kó mándólíìnì kan ṣoṣo? A ń kó ẹrù, a ń kó ìwé, a ń kó àgbàdo. Ohun tó bá jẹ́ ẹyọ kan, gbígbé la ń gbé e, tàbí ká mú un. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, bí ọmọ kíláàsì bá ní òun ti "kó ìwé òun wá", tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, bàbá á wojú ẹ̀, á ní, "Ìyókù dà?" Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́, ìyẹn ló jẹ́ ká máa kó ẹyọ kan káàkiri.

Ọ̀gá wa ní òun ní ìdí. Ó ní okùn mẹ́jọ ni mándólíìnì ní, méjì méjì lọ́nà mẹ́rin, torí náà ohun púpọ̀ ni. Ẹ gbọ́ o! Ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ ọmọ jòjòló, ogún ni, síbẹ̀ mi ò tíì rí ìyá tó "kó" ọmọ kan ṣoṣo pọ̀n.

Ẹlòmíì fẹ́ tún un ṣe, ó ní ká sọ ọ́ di "agbédùrù". Ìyẹn tilẹ̀ burú jù. Agbébọn, ṣé èèyàn ni àbí àpò ìbọn? Bí wọ́n bá ní agbédùrù ń bọ̀, èmi á tún ìró mi ró, mo ti ń múra ijó nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fò dìde, á ní amóhùnmáwòrán ńkọ́. Ẹ̀rọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ohùn wá, òun náà ló ń mú àwòrán wá. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí "a-" yẹn ń tọ́ka sí. Ilé mándólíìnì kì í gbé nǹkan kan. Àwa là ń gbé òun àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti "pamọ́" tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní fọwọ́ kàn án lónìí.

Ẹni tó sì dábàá "pósí mándólíìnì", mo mọ ibi tó ti rí i. Àwọn Òyìnbó ló fi pósí sọ àwọn àpótí onígi gbọọrọ tí wọ́n ń gbé gìtá àti fayolíìnì sí ní ọ̀rúndún 19 lórúkọ. Ìnagijẹ ni. Ta ló ń túmọ̀ ìnagijẹ? Ohun tó bá wọ pósí kì í jáde wá kọrin.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan yìí ná. Oníṣẹ́ ọwọ́ á dá mándólíìnì dùbúlẹ̀ sórí páálí, á fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká, á wá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún fóòmù àti àrán. Àrán kì í ṣe fáàrí lásán. Irú rọ́bà kan wà tó jẹ́ pé bó bá ń fara kan vánìṣì pẹ́, ó máa ń yọ́ ọ ni. Ìrọ̀rí kékeré á wà lábẹ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara, ṣùgbọ́n orí gbọ́dọ̀ wà lófuurufú, kó má kan ohunkóhun, torí bí àpótí bá já lulẹ̀ tí orí sì ti fara ti igi, ibẹ̀ ni ọrùn ti máa dá. Ìdérí náà ò gbọdọ̀ tẹ bíríìjì, igi kékeré tó gbé okùn sókè. Wọn kì í fi gúlù lẹ bíríìjì mándólíìnì. Okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí nǹkan bá sì tì í kúrò láyè rẹ̀, ohùn á yà.

Kálukú ló tún ní ìrísí tirẹ̀. Ti Naples ní Ítálì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ̀ pa pọ̀ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ó wú rọ̀ǹdọ̀, kò lè sùn sórí ohun pẹrẹsẹ, àfi kí wọ́n wa kòtò jíjìn fún un. Ti Amẹ́ríkà tí Orville Gibson, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe mándólíìnì, gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lé lórí ní 1898, gbígbẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan nínú ìran rẹ̀, irú F-5 tó jáde ní 1922, tún ní igun ṣóńṣó lára, tó tètè máa ń kán. Kódà àpótí fayolíìnì tí wọ́n gé bá ara fayolíìnì mu kì í gbà á: ibi tí fayolíìnì fẹ̀ jù ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 21 lọ, ti mándólíìnì ń lọ sí 25. Àfi èyí tó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, tí wọ́n lè tú inú rẹ̀ dànù kí wọ́n tún un tẹ́.

Kí wá ni Yorùbá ń pe ohun tí wọ́n bá wọn ara nǹkan kan ṣe? Àkọ̀ ni. Àkọ̀ idà, àkọ̀ ọ̀bẹ. Àpótí gba ohun gbogbo, kò bi ọ́ léèrè. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ẹ ò rí i pé àkọ̀ ni wọ́n pè nílé.

Èyí tó rọ̀, onísíìpù, tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, àpò ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ "apo" láìfàmì sí i, ṣé àpò lẹ ní lọ́kàn àbí apó? Ọfà ló ni apó.

Àǹtí wa kan ní àkọ̀ á dàrú mọ́ akọ àti àkọ́. Àkọ̀ mándólíìnì, ohùn ìsàlẹ̀ méjì gbáko: ta ló máa gbọ́ ọ, tí á wá máa wá abo rẹ̀ kiri? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ohùn ló ń bà wá, ká kúkú pa Yorùbá tì.

Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè mú mi ni pé àkọ̀ ò ní ìdérí, ẹnu ni idà ń gbà wọ̀ ọ́. Mo gbà. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ò ní táyà, nígbà tí èyí tó ní táyà dé, ọkọ̀ náà la pè é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ dùrù. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní dùrù lónìí. Mándólíìnì, títa ni wọ́n ń ta á, bíi ti gìtá. Ẹ̀gbọ́n tó ní òun ti ń kọ́ni lédè kí wọ́n tó bí àwa kan, ẹ jọ̀wọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fèsì lé lórí, ẹ má fi ọjọ́ orí dá mi lóhùn.